Iyanrìn Iwájú Ilé Kẹrìnlá

"Ta ló gbá ibí yìí?"

Shaheem, tó ń bójú tó àwọn ẹran òkun ní ibùdó ìgbafẹ́ kan létí òkun, ló bèèrè. Ó dúró níwájú ilé kẹrìnlá, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀ kó. Iyanrìn náà funfun, ó sì tẹ́jú. Ipa réèkì hàn lára rẹ̀ láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ilé títí dé ibi tí omi ti ń lá a, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Kò sí ewé kan níbẹ̀, kò sì sí ojú ẹsẹ̀ kankan.

"Mo ní ta ló gbá a?"

Nazeera wà lórí àtẹ̀gùn, aṣọ ibùsùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lanu láti sọ pé òun ni. Ó tilẹ̀ fẹ́ fi ẹ̀rín sọ ọ́, nítorí iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú ọmọkùnrin náà kò jọ ojú ẹni tó fẹ́ dúpẹ́. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, ọ̀gá?" Motaleb ló sọ̀rọ̀. Ọmọ Bangladesh ni, òun ló ń tọ́jú ọgbà àti etí omi ní gbogbo ìhà ìlà-oòrùn ibùdó ìgbafẹ́ náà. Ó gbé bárò rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìjàpá òkun gòkè wá lóru. Ọdẹ rí i láti òkèèrè, ó ní ó wà láàárín ilé kọkànlá sí ìkẹrìndínlógún. Kò sún mọ́ ọn kó má bàa dẹ́rù bà á. Ipa ẹsẹ̀ ìjàpá yẹn nìkan ló lè sọ ibi tó yé sí fún mi. Mo jí, mo sáré dé, ẹnì kan ti fi réèkì pa ipa ẹsẹ̀ rẹ́."

"Ẹyin á ṣì wà nínú iyanrìn, ọ̀gá. Ṣebí ibẹ̀ náà ló fẹ́ kó wà."

"Òṣùpá kún lánàá, Motaleb. Tó bá di ọ̀sán òní, omi á gun gbogbo ibi tí ò ń wò yìí. Ẹyin tó bá mu omi òkun ti kú nìyẹn. Mo fẹ́ gbé e lọ sókè kí omi tó dé. Mo ti pe ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n ti fún mi láyè. Àyè wà, ẹyin ni kò sí." Ó wo réèkì tó fara ti igi àgbọn. "Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni. Ibẹ̀ ni mo fi í sí lánàá. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dé ibí láàárọ̀ yìí, ọ̀gá. Ilé kẹta ni mo ṣì wà."

"Màdáàmù Kumudini ń bọ̀. Ẹ ó jọ sọ ọ́."

Nazeera wọlé. Ó tẹ́ aṣọ funfun náà sórí ibùsùn, ó fà á le, ó rí i pé ó wọ́, ó tú u, ó tún un tẹ́.

Òun ló gbá a. Nígbà tí ọkọ̀ òṣìṣẹ́ já wọn sílẹ̀ ní èbúté, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Bó ṣe ń kọjá níwájú ilé kẹrìnlá, ó rí i pé iyanrìn ibẹ̀ rí rúdurùdu. Ipa kan gòkè láti inú omi bíi ti táyà ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń kó ẹrù àlejò, òkìtì mẹ́rin sì wà kiri, irú èyí tí àwọn ọmọ àlejò máa ń gbẹ́ ṣeré. Ó mú réèkì, ó tẹ́ òkìtì, ó gbá gbogbo rẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú, ó wá gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú kan sábẹ́ igi níbi tí òjìji máa wà. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá. Ṣùgbọ́n Mama Ornella ló ń bọ̀ wá wọ ilé kẹrìnlá ní òwúrọ̀ yìí.

Fún ọdún mẹ́jọ, Nazeera ṣiṣẹ́ ní ilé àlejò Manik ní Raafushi, erékùṣù tirẹ̀, tí ọkọ̀ fi ogún ìṣẹ́jú dé láti ibí. Yàrá márùn-ún péré ni. Ó ń fọ aṣọ, ó ń se oúnjẹ, ó ń gbá àgbàlá. Ornella, ọmọ Italy, tó fi ọgbọ̀n ọdún se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ti wọ̀ sí ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, inú yàrá tó kéré jù nígbà gbogbo, èyí tí fáànù rẹ̀ máa ń ké bí adìyẹ. Ó ti gbọ́ èdè wọn díẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ sọ ìyókù. Lọ́dún yìí, ó ní orúnkún òun kò ní gbé òun wá mọ́. Ó ní láti ìgbà àkọ́kọ́ tí òun ti ń jókòó ní àgbàlá Manik nírọ̀lẹ́ ni òun ti ń wo iná ibùdó àwọn olówó tó ń tàn lójú omi. Ó fẹ́ sun oorun alẹ́ méjì níbẹ̀ kó tó lọ sílé. "Tí mi ò bá sùn níbẹ̀," ló wí, "inú sàréè ni màá ti máa wo iná yẹn."

Ní Raafushi, àlejò kì í fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn tí a kò gbá. Obìnrin tí oòrùn bá yọ bá iwájú ilé rẹ̀ láìgbá, àwọn aládùúgbò á bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ìyá Nazeera gbá tirẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó bí i. Bí Nazeera ṣe tọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ṣe.

Lónìí gan-an ni oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán an wò pé. Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì Màdáàmù Kumudini, ó ń dúró de ìbuwọ́lù. Inaya, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti tán kíláàsì tó wà ní Raafushi. Malé, olú ìlú wọn, ni èyí tó kù wà, yàrá ní Malé kò sì ṣeé fi owó iṣẹ́ Manik gbà. Ohun tó wà nínú ìwé náà nìyẹn.

Ọjọ́ tó ń lọ, Manik, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Wàá padà wá," ló wí. "Ibẹ̀ kì í ṣe ilé ẹni. Ààwẹ̀ ò ní wọlé kó o tó padà wá." Nazeera lọ. Ṣùgbọ́n ó fi ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná Manik, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì láti ara igi ewé àgbọn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun gbàgbé rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó ń gbàgbé ìgbálẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Ó gbọ́ ohùn Kumudini níta.

Màdáàmù Kumudini ni olórí àwọn tó ń tọ́jú yàrá àti ọgbà, ọmọ Sri Lanka, obìnrin kékeré tí kì í gbé ohùn sókè. Ó ti dúró lórí iyanrìn, bàtà rẹ̀ funfun, ìwé kékeré rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Motaleb, ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ti fún ọ ní ìwé ìkìlọ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, Màdáàmù."

"Kí ni mo sọ nípa ẹ̀ẹ̀kẹta?"

Motaleb yọ fìlà. "Ẹ ní màá wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sílé. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run gbọ́, Màdáàmù, mi ò dé ibí. Ẹ bi àwọn tó wà ní ilé kẹta. Mo tilẹ̀ pàdé ajá wọn."

"Kò sí ajá ní erékùṣù yìí."

"Ẹ rí i? Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ mọ́."

"Réèkì rẹ ni. Apá ibi tí ò ń tọ́jú ni. Ṣé iwin ló gbá a?"

Nazeera dúró lẹ́yìn aṣọ fèrèsé gíláàsì tó kanlẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i nígbà tó ń gbá ilẹ̀. Tó bá dúró níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ọ̀rọ̀ náà á tán, ìwé á sì gba ìbuwọ́lù. Ó ro ìyẹn dáadáa, kò tan ara rẹ̀ jẹ. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde.

"Èmi ni, Màdáàmù."

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo gbá a. Motaleb ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo bá réèkì rẹ̀ níbí, mo mú un láìtọrọ."

Motaleb mí kanlẹ̀, ó de fìlà rẹ̀ padà. Kumudini wo Nazeera láti orí dé ẹsẹ̀.

"Inú yàrá ni iṣẹ́ rẹ wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáàmù."

"Ta ló rán ọ sórí iyanrìn?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Àlejò mi ló ń bọ̀. Ní ilẹ̀ wa, a kì í jẹ́ kí àlejò tẹ iyanrìn tí a ò gbá."

"Níbí, gbogbo wọn ni àlejò rẹ, kò sì sí èyí tó jẹ́ tìrẹ." Kumudini pa ìwé kékeré rẹ̀ dé. "Wá rí mi ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án. O mọ ìwé tó wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n, Màdáàmù."

Shaheem kò fetí sí wọn mọ́. Ó ti gbé wókítókí rẹ̀ sẹ́nu. "Ẹ fún mi ní ọkùnrin mẹ́jọ. Pẹ̀lú ṣọ́bìrì. A ó gbẹ́ ẹ láti ilé kọkànlá títí dé ìkẹrìndínlógún."

"Ṣọ́bìrì kẹ̀?" ni Nazeera wí. "Ṣé ẹ fẹ́ dín in ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ẹ ti pa ọ̀nà rẹ́. Wákàtí mẹ́ta ló kù kí omi dé."

Nazeera wolẹ̀. Ohun kan wà tó mọ̀, tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tó ti dé ibí. Ní ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n lẹ àwòrán ìjàpá òkun kan mọ́ ògiri, pẹ̀lú iye ọdún ẹ̀wọ̀n tí ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹyin rẹ̀ máa fi jura. Ojoojúmọ́ ló ń gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ kọjá níwájú àwòrán náà láìwò ó. Bí ẹyin náà bá kú lónìí, òun ló pa á. Bí ó bá sì sọ ohun tó mọ̀, àwọn ènìyàn á bi í níbi tó ti kọ́ ọ.

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó kó wọn pọ̀ sórí àtẹ̀gùn.

"Ní kí wọ́n má mú ṣọ́bìrì wá," ló wí fún Shaheem. "Gìgísẹ̀ la fi ń wá a."

"Gìgísẹ̀?"

"Ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ máa ń dá gìgísẹ̀ lóhùn bí pákó. Ibi tí ìjàpá bá ti gbẹ́, tó sì tún dí i, máa ń rọ̀ bí ìrẹsì tó jinná jù. Mo gbá òkè rẹ̀ nìkan ni. Mi ò gbá ìsàlẹ̀."

"Ta ló kọ́ yín nírú èyí?"

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ rí i ná."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi òkìtì àkọ́kọ́ tó rántí. Ó ń rìn sẹ́yìn, ó ń fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó ṣe èyí gbẹ̀yìn, ní ìhà tí kò sí ilé ní Raafushi, òun gbé apẹ̀rẹ̀, bàbá àgbà rẹ̀ wà níwájú. Má fi ọ̀pá gún un, ni bàbá máa ń wí. Ẹyin kan tó bá fọ́, èèrà á fi mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ìyókù.

Òkìtì àkọ́kọ́ le. Ihò akàn lásán ni. Ìkejì rọ̀, ó fi ọwọ́ wa iyanrìn ibẹ̀ títí dé ìgunpá, kò sí nǹkan kan.

"Ẹ̀tàn ni," ló wí. "Ó máa ń gbẹ́ ibi tí kò yé sí."

"Mo mọ̀," ni Shaheem wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ti bọ́ bàtà tirẹ̀ náà, ó ń tẹ ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ijó. "Ìwé ni mo ti kà á."

"Tìrẹ dára. Èmi ò rí ìwé rẹ̀ kà."

Ìkẹta náà jẹ́ ẹ̀tàn. Omi ti gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún.

Ìgbà yìí ni Ornella dé. Wọ́n fi ọkọ̀ kékeré gbé e wá láti èbúté, ọmọkùnrin méjì tó wọṣọ funfun tẹ̀lé e, ọ̀kan ń bá a fa àpò ọ̀rá kan tí kò gbà láti fi sílẹ̀.

"Sálúbàtà mi ló wà níbẹ̀!" ni Ornella ń wí. "Ẹ̀yin ọmọ, kì í ṣe wúrà. Ẹ jẹ́ n gbé e. Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹnì kan tilẹ̀ fẹ́ nu ojú fún mi!" Ó rí Nazeera. "Nazeera! Kí lò ń ṣe láìwọ bàtà? Ṣé wọ́n ti lé ọ ni?"

"Wọn ò tíì lé mi, Mama. Ọ̀sán ni."

"Kí ló dé?"

Nazeera sọ fún un ní kúkúrú, kò sì dúró bó ṣe ń sọ ọ́. Ornella fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wo iyanrìn tí wọ́n yà bí irun, ó wo àga tí wọ́n gbé sábẹ́ igi, ó sì mọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Ó kó bàtà Nazeera láti orí àtẹ̀gùn kí ẹnikẹ́ni má bàa tẹ̀ ẹ́, ó gbé e lé itan, ó jókòó sórí àga náà.

Òkìtì kẹrin rọ̀, ó sì jìn. Òun àti Shaheem kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ wa á títí iyanrìn fi tutù. Gbòǹgbò igi ni wọ́n kàn. Ìjàpá náà ti kàn án ṣíwájú wọn, ó sì ti kúrò níbẹ̀.

"Ó ti tán," ni Shaheem wí. Ó jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mẹ́rin lẹ pè, mẹ́rin la ti wò. Ẹ jẹ́ n pe àwọn oníṣọ́bìrì."

Kumudini kò tíì lọ. Ó dúró lókè níbi tí omi kò lè dé, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Nazeera dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún. Bàbá àgbà ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ nípa ìjàpá, ó sì máa ń sọ ọ́ nípa àwọn òyìnbó tó wá ra ẹja pẹ̀lú: ibi tó ti pariwo jù kọ́ ló fi nǹkan pamọ́ sí. Ó wo ibi tí kò sí òkìtì. Ilẹ̀ ibẹ̀ gùn láti ilé kẹtàlá títí dé ìkarùndínlógún. Gìgísẹ̀ méjì kò lè tẹ gbogbo rẹ̀ tán kó tó di ọ̀sán.

"Nazeera," ni Ornella pè é.

"Mo ń bọ̀, Mama. Ẹ ní sùúrù díẹ̀."

"Mi ò fẹ́ ráhùn. Ṣùgbọ́n gbogbo bí ibí ṣe wọ́n tó yìí, àga wọn arọ ni. Ó burú ju ti Manik lọ. Wò ó, ẹsẹ̀ kan ń rì. Mo ti yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì ń rì."

Nazeera dúró.

"Ẹsẹ̀ wo ló ń rì?"

"Èyí. Àwọn mẹ́ta yòókù dúró."

"Mama, ẹ rọra dìde."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ dìde, ẹ má tẹ ibẹ̀."

Shaheem gbé àga kúrò. Nazeera fi gìgísẹ̀ tẹ ojú ibi tí ẹsẹ̀ àga wà. Ilẹ̀ gba ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́, láìdáhùn, bó ṣe máa ń rí ní ọdún márùndínlógójì sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀, ó wa iyanrìn. Ó dé ìgunpá. Ó dùbúlẹ̀ kó lè na apá. Ohun kan tó rọ̀, tó sì yí bìrìkìtì, kan orí ìka rẹ̀. Ó dá ọwọ́ dúró síbẹ̀, ó di ojú.

"Ó wà níbí," ló wí.

Motaleb hó yèè. Ó ju fìlà sókè, kò rí i hán, omi gbé e lọ, ó sáré wọ omi. Ornella ń sunkún, ó ń fi ìbọ̀sẹ̀ Nazeera nu ojú.

"Orí ọ̀kẹ́ ẹyin," ni Shaheem wí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Orí ọ̀kẹ́ ẹyin lẹ gbé àlejò jókòó lé!"

"Mo wá ibi tí òjìji wà fún un ni."

"Ìjàpá náà wá ibi tí òjìji wà."

Iṣẹ́ tó kù jẹ́ ti Shaheem, ó sì ṣe é dáadáa. Ó ní kí wọ́n má yí ẹyin kankan lójú, bó ṣe wà nínú ihò ni kó wà nínú garawa, nítorí ọmọ tó wà nínú rẹ̀ á kú bí wọ́n bá dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó ń gbé e jáde níkọ̀ọ̀kan, Nazeera ń gbà á, ó ń tò ó sínú iyanrìn tútù. Ẹyin méjìdínlọ́gọ́fà ni. Kò sí èyí tó fọ́. Wọ́n gbẹ́ ihò mìíràn lókè, lẹ́yìn ìlà àwọn igi, bí èyí ti ìjàpá náà ṣe jìn tó, wọ́n tò wọ́n sí i, wọ́n dí i. Nígbà tí Motaleb ń ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀ yí i ká, omi ti dé ibi tí àga wà. Omi náà gbá ìyókù ipa réèkì náà lọ láìku ìlà kan.

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn láti mí.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Shaheem wí, "ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Ta ló kọ́ yín?"

"Bàbá àgbà mi."

"Ṣé ó máa ń dáàbò bò wọ́n ni?"

Kumudini ti sún mọ́ wọn. Nazeera rí i, ó sì dáhùn síbẹ̀.

"Ó máa ń kó wọn jẹ. Èmi ni mo ń gbé apẹ̀rẹ̀ fún un. Gbogbo ilé wa la jọ ń jẹ ẹ́, gbogbo àdúgbò. A máa ń sè é. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó sọ pé kó má rí bẹ́ẹ̀."

Shaheem ń fi ìka ya ìlà sórí pákó.

"Ìyá àgbà mi ní Malé," ló wá wí, "ló ń sọ fún mi pé kò sí àkàrà òyìnbó tó dùn tó èyí tí wọ́n fi ẹyin ìjàpá ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń sọ ọ́. Màá bínú, màá dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Ó á ní, 'Jókòó, ọmọ yunifásítì, mi ò fi sínú èyí.'" Ó rẹ́rìn-ín. "Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó fi gìgísẹ̀ hàn mí."

"Nazeera," ni Kumudini wí.

Nazeera dìde. "Màdáàmù."

"Ọ̀sán ti tó. Tẹ̀lé mi."

Ní ọ́fíìsì, ìwé náà wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Kumudini jókòó, kò ní kí Nazeera jókòó. Ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tí kò kà á rí.

"O kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ láìgba àṣẹ. O mú irinṣẹ́ ẹlòmíràn. Ìkìlọ̀ kan nìyẹn, mo ti kọ ọ́."

"Ẹ ṣeun, Màdáàmù."

"Má dúpẹ́ ìkìlọ̀." Ó mú bírò. "Mo ti ń darí àwọn ènìyàn fún ọdún mọ́kànlélógún. Àwọn tó lè tẹ́ ibùsùn pọ̀ bí iyanrìn. Ẹni tó máa jáde láti ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé, mi ò rí ju mẹ́ta lọ."

Nazeera gbé ojú sókè.

"Ẹsẹ̀ rẹ hàn lábẹ́ aṣọ fèrèsé náà," ni Kumudini wí. "Mo fẹ́ wo bó ṣe máa pẹ́ tó." Ó bu ọwọ́ lu ìwé. "Láti ọ̀la, kó o tó wọ yàrá kankan, kó o kọ́kọ́ rin etí omi ìhà ìlà-oòrùn. Mo ti bá Shaheem sọ ọ́. Motaleb ò ní gbé réèkì kó o tó kọjá. Ohun tó ò tíì wò, má gbá a."

Nazeera jáde. Lẹ́yìn náà, ó lọ tún ibùsùn ilé kẹrìnlá tẹ́, nítorí ó rántí pé òun kò tẹ́ ẹ dáadáa.

Ọkọ̀ òṣìṣẹ́ gbé wọn dé Raafushi ní ìrọ̀lẹ́. Manik jókòó sórí àga okùn rẹ̀ létí èbúté. Ìròyìn ti kọjá omi ṣáájú ọkọ̀.

"Mo gbọ́ pé wọ́n lé ọ," ló wí.

"Ta ló sọ fún yín bẹ́ẹ̀, Bùrọ̀dá?"

"Wọ́n ní ìwọ àti ìjàpá jà. Má tijú. Mo ní ṣebí mo sọ ọ́, mo ní kó tó di ààwẹ̀. Yàrá mẹ́ta ni àwọn àlejò kúrò nínú rẹ̀ láàárọ̀, aṣọ wọn wà nínú ọpọ́n, wọ́n ń dúró dè ọ́. Mi ò tíì gba ẹlòmíràn."

Ó sọ ọ́ bí àwàdà, ṣùgbọ́n ó ti sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àga náà kó lè fún un láyè jókòó. Nazeera rí i pé lóòótọ́ ni kò tíì gba ẹlòmíràn, láti oṣù mẹ́ta. Ó rí i pé òun fúnra òun náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

"Ẹ jẹ́ n dé ilé ìdáná yín," ló wí.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ àgbàlá kọjá. Àgbàlá náà dọ̀tí. Ewé igi gbẹ̀rẹ̀fútù ti gbẹ sílẹ̀, ojú ẹsẹ̀ àwọn àlejò sì gorí ara wọn. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé ìdáná níbi tó fi í sí, aláǹtakùn ti hun okùn sí i lórí. Ó gbọ̀n ọ́n mọ́ ògiri. Ó dúró díẹ̀, ó wo ewé tó wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi ìgbálẹ̀ náà há abíyá, ó jáde.

Manik rí i. Ojú rẹ̀ tàn. "Ó dáa. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà."

"Ẹ pe Wadheefa, ọmọ ẹni tó ń kan ọkọ̀," ni Nazeera wí. "Ó ń wá iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ẹ pè é lónìí, Bùrọ̀dá. Ẹ má jẹ́ kí àwọn aṣọ yẹn sùn nínú omi."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́ fi ìgbálẹ̀ ṣe níbi tí wọ́n ti ń lo réèkì?"

"Tèmi ni. Mo gbàgbé rẹ̀."

Manik wò ó títí. Ó wá sún padà sí àárín àga rẹ̀.

"O pẹ́ kó o tó rántí," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bùrọ̀dá."

Ó mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Inaya dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀ láti òkèèrè, kò lè bèèrè bóyá wọ́n ti bu ọwọ́ lu ìwé náà. Nazeera gbé ìgbálẹ̀ náà sókè kí ọmọ náà lè rí i pé kò sí lọ́dọ̀ Manik mọ́.